Ẹyẹ Dúdú Ẹlẹ́sẹ̀ Pupa Inú Àbàtà: Bí A Ṣe Ń Dá Black Crake Mọ̀

Ẹyẹ kan wà nínú àbàtà wa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kékeré tí wọn ò sì mọ ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, ohun dúdú kan tó sáré já láti inú koríko kan bọ́ sínú òmíràn ni wọ́n rí. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé. Ẹnì kan á ní òròmọdìẹ tó sọnù ni, òmíràn á ní eku ni, ẹlòmíràn á ní kò sí ohun tó kọjá rárá. Black Crake ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ yìí náà ni n ó máa lò, kí ẹni tó bá fẹ́ wá àwòrán tàbí ohùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè tètè rí i.

Nǹkan méjì ló ń dojú ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí rú. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ènìyàn rò pé ẹyẹ tí a kì í rí, ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Black Crake wà láti Senegal títí dé Gúúsù Áfíríkà, níbikíbi tí omi aláìníyọ̀ bá ti pàdé koríko tó ṣú, àyàfi ilẹ̀ aṣálẹ̀. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́, kò kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Èkejì ni pé àwọ̀ ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń bèèrè: "Àwọ̀ wo ni ẹyẹ náà?" Nínú òjìji koríko, ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹyẹ àbàtà ló dúdú. Ibi tó wà àti bó ṣe ń rìn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ká wo ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àgógó ẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú wa lójú, ohùn rẹ̀ ló máa ń parí ẹjọ́.

Ká mọ ẹni tí à ń wá ná. Àgbà Black Crake dúdú láti orí dé ìrù, àfi ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ tó ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, èyí tí ẹ kò ní rí bí kò bá sí nínú oòrùn. Àgógó ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tó fi díẹ̀ ya ewé. Ẹyinjú rẹ̀ pupa, òrùka pupa sì yí i ká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa fòò, àgàgà nígbà tó bá ń múra àtiyé ẹyin. Bí àkókò yẹn bá kọjá, pupa náà a ṣá. Láti ẹnu dé ìrù, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 19 sí 23, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bí gíráàmù 90. Akọ àti abo jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abo a máa kéré díẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo èyí lọ ni pé kò sí ìyẹ́ funfun kankan lára rẹ̀. Ẹ di ìyẹn mú, a ó lò ó láìpẹ́.

Ọmọ rẹ̀ ló ń da àwọn ènìyàn láàmú. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ìyẹ́ múlọ́múlọ́ dúdú ló bo gbogbo ara rẹ̀. Bó bá dàgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a di àwọ̀ ilẹ̀, àyà rẹ̀ a di àwọ̀ eérú, ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a ṣú, láìsí ìyeyè àti pupa tí a fi ń dá àgbà mọ̀. Ẹni tó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóun nìkan á rò pé ẹyẹ mìíràn ni, á sì máa ṣí ìwé kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ẹ dúró ló dára jù. Ọmọ kì í jìnnà sí ilé, àgbà ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan á yọjú láìpẹ́.

Ìwé gan-an tún ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. William Swainson ló fún ẹyẹ yìí ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1837, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣí i láti agbo kan sí òmíràn. Ìwé tó ti pẹ́ gan-an lè pè é ní Limnocorax, èyí tó dé lẹ́yìn ìyẹn á pè é ní Amaurornis flavirostra, èyí tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí á sì pè é ní Zapornia flavirostra. Ẹyẹ kan náà ni. Bí ẹ bá ti rí flavirostra ní ìparí orúkọ, tí ìwé náà sì ń sọ nípa ẹyẹ àbàtà ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ara tí a dá fún inú koríko

Bí ẹ bá wo Black Crake láti ẹ̀gbẹ́, ó dà bíi pé ó sanra. Bó bá kọjú sí yín tààrà, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ tẹ́ láti ọ̀tún àti láti òsì. Gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rallidae, ni a dá bẹ́ẹ̀: eegun àyà wọn tẹ́ẹ́rẹ́, eegun ẹ̀yìn wọn sì rọ̀ dáadáa. Ó ń gba àárín èèsún kọjá bí ẹni tó fẹ̀gbẹ́ gba àárín danfo méjì kọjá ní Òṣòdì, koríko kì í sì í mì púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wo orí koríko láti fi mọ ibi tí ẹyẹ náà gbà lọ ṣe máa ń pòfo.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ kí ẹyẹ kékeré ní lọ. Èyí ló jẹ́ kó lè tẹ ojú-oró àti òṣíbàtà láìrì, kó sì tún lè dì mọ́ ìtí koríko, kó gùn ún lọ sókè. Iṣan itan rẹ̀ le, apá rẹ̀ sì kúrú, ó rí roboto. Nítorí náà, bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sá lé. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀, á fò díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ nísàlẹ̀, á sì tún já bọ́ sínú koríko níwájú.

Àwọn kan máa ń ti ibẹ̀ sọ pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò lè fò. Àṣìgbọ́ ni. African Crake, ìbátan rẹ̀, a máa tẹ̀lé òjò láti agbègbè kan dé òmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn nínú mọ̀lẹ́bí yìí fò dé erékùṣù tó dá wà láàárín agbami. Nígbà tí kò sí ẹranko tó ń pa wọ́n jẹ níbẹ̀, ìran wọn jáwọ́ nínú fífò. Ẹyẹ aláìlèfò tó kéré jù láyé lónìí, èyí tó wà ní Inaccessible Island ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, inú mọ̀lẹ́bí yìí ló wà. Ẹni tó lè fò tí kò fẹ́ fò ni Black Crake. Oúnjẹ rẹ̀ wà lábẹ́ koríko, ìtẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àṣá àti ènìyàn ló wà níta. Kí ló fẹ́ lọ ṣe lókè?

Àwọn tó jọ ọ́

Èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní Black Crake ni Common Moorhen. Òun náà dúdú, inú àbàtà lòun náà wà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ dáadáa, ó ju sẹ̀ntímítà 30 lọ, ó sì máa ń wẹ̀ lójú omi gbangba bíi pẹ́pẹ́yẹ. Black Crake lè wẹ̀ bó bá di dandan, àmọ́ rírìn ni tirẹ̀. Moorhen ní apata pupa níwájú orí, ẹnu rẹ̀ pupa, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ìyeyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé. Ìlà funfun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, abẹ́ ìrù rẹ̀ sì funfun lápá méjèèjì. Bó bá ń rìn lọ tó ń ju ìrù sókè, funfun yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti rí i tipẹ́: ẹyẹ kan náà gan-an ló ń rìn lórí koríko lẹ́bàá adágún inú páàkì, tí ọmọdé ń ju búrẹ́dì sí. Nílé níhìn-ín, òun náà ń sá fún ènìyàn.

Lesser Moorhen ló ṣòro. Mo gbà pé òun ni ẹyẹ tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ sí jù, nítorí gbogbo àmì tí a kà sílẹ̀ fún Black Crake ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ntímítà 24, ó dúdú, ó ń sá wọ koríko, ẹnu rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó bá ti há "dúdú, ẹnu ìyeyè" sórí á gbé e fún Black Crake lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo òkè àgógó náà dáadáa: pupa kan sáré láti ibẹ̀ dé iwájú orí. Ẹ wo ẹsẹ̀: kì í pupa fòò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ ìrù: funfun wà níbẹ̀ bíi ti Moorhen ńlá. Ẹyẹ òjò ni pẹ̀lú. Ìgbà tí koríko bá kún omi ló sábà máa ń dé, nígbà tí Black Crake kì í kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá rí ẹyẹ dúdú ẹlẹ́nu ìyeyè nínú ọ̀gbẹlẹ̀ Oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ le. African Jacana, tó ń rìn lórí òṣíbàtà bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni, ní ara pupa bí ilẹ̀, ọrùn funfun àti apata búlúù níwájú orí. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á rò pé àwàdà ni. Allen's Gallinule ní ẹsẹ̀ pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ náà pupa, ara rẹ̀ sì ń dán bí aró àti ewé pọ̀. African Crake tí mo dárúkọ lókè ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní tótòtó dúdú, ìlà dúdú àti funfun sì kún ikùn rẹ̀. Inú pápá tútù àti oko ìrẹsì ló fẹ́ràn ju àárín omi lọ.

White-spotted Flufftail ló yẹ ká yà sọ́tọ̀, nítorí ibi tó ń gbé ló fi yàtọ̀. Bí ẹ bá wà lábẹ́ igi ńlá, níbi tí odò kékeré ti ń ṣàn gba inú ẹrẹ̀ nínú òjìji igbó, tí ohun kékeré kan sì ń rìn níbẹ̀, kì í sábà jẹ́ Black Crake. Flufftail kò ju sẹ̀ntímítà 17 lọ. Orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa bí osùn, ara yòókù dúdú pẹ̀lú tótòtó funfun. Ìgbà tí a bá gbọ́ ọ pọ̀ ju ìgbà tí a bá rí i lọ níye ìgbà. Àwọn tó ti ń wo ẹyẹ tipẹ́ náà kì í fi rírí i ṣe àwàdà.

Ohùn méjì tó dún bí ọ̀kan

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ohùn Black Crake le ju ara rẹ̀ lọ. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì nínú ọ̀fun, kúrú-kúrú-kúrú, á sì bú jáde: kráà! kráà! Lábẹ́ ariwo yẹn ni ohùn kejì wà, tó rọ̀, tó ń kùn: kúù, kúù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹyẹ kan ló ń pa ohùn méjèèjì, àwọn mìíràn gbà pé ẹyẹ kan ló ń bá ọ̀pọ̀lọ́ jà. Tọkọtaya ni wọ́n. Ọ̀kan ń lé, èkejì ń gbè, wọ́n sì ń ṣe é pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi lè rí ibi tí ti ẹnì kan parí sí. Nígbà mìíràn àwọn ará ilé yòókù á dá sí i, á wá dà bí ìjà.

Ìjà kọ́. Nínú koríko tí ọkọ kò ti lè rí aya ní ìwọ̀n mítà méjì, ohùn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnì kejì wà nítòsí. Ohùn náà ni wọ́n tún fi ń sọ fún aládùúgbò pé ilẹ̀ yìí ní olówó. Wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn jálẹ̀ ọdún, kì í ṣe ìgbà ẹyin nìkan. Nítorí náà, oṣù yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ lè gbọ́ wọn. Bí agbo kan bá ké ní etí odò, èyí tó wà níwájú lè dáhùn, kí wọ́n máa gbè é lọ bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe máa ya ohùn yìí sọ́tọ̀ sí ti àwọn yòókù? Ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ máa ń ké lọ láìdúró bí òjò bá rọ̀ tán lálẹ́. Black Crake á bú sí i lójijì, á sì dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Elulùú ni gbogbo wa mọ̀, ẹyẹ tí àwọn àgbà ní òun ló ń pe òjò. Ohùn tirẹ̀ jinlẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ariwo líle kankan nínú. Bí òjò bá sì dá, elulùú á gun orí igbó kúkúrú lọ yá oòrùn, ẹ ó rí ìrù gígùn rẹ̀ àti apá rẹ̀ tó pupa bí ilẹ̀. Flufftail ń sọ húù, húù, húù ní ohùn kan náà, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀, láti inú òjìji igbó. Moorhen kì í kọrin. Á kàn ju ẹyọ igbe kan síta láti inú koríko, kúrrùk, á sì dákẹ́.

Ẹyẹ mìíràn tún wà tó ń kọ orin elénìyàn méjì nínú àwọn ẹyẹ ẹrẹ̀ wa: Nkulengu Rail. Inú igbó kìjikìji gúúsù Nàìjíríà ló wà, òru àti ìdájí ló ń ké, orí igi ló sì ń sùn. Ẹni tí kò bá sùn nínú igbó kò ní gbọ́ ọ, nítorí náà kò lè kó ìdàrúdàpọ̀ bá ẹni tó dúró lẹ́bàá odò lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe lábẹ́ koríko

Ekòló, ìṣáwùrú, lámilámi, oríṣiríṣi kòkòrò, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ẹja kéékèèké, èso koríko: gbogbo rẹ̀ ni Black Crake ń jẹ. A máa gun ìtí koríko lọ sókè, kó wọ ìtẹ́ ẹ̀ga àti ti àwọn ẹyẹ mìíràn, kó kó ẹyin wọn jẹ, kó sì kó ọmọ wọn pẹ̀lú. Ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti rí i tó dúró lórí erinmi àti lára ìmàdò, tó ń ṣa eégbọn àti kòkòrò lára wọn. Ẹni tó bá rò pé ojo ni ẹyẹ yìí nítorí pé ó ń sá, kó lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ga.

Ìtẹ́ rẹ̀ jìn bí àwo, koríko omi ló fi ń hun ún, ó sì lè wà láàárín koríko lókè omi tàbí lórí igbó kékeré nítòsí. Ẹyin méjì sí mẹ́fà ni abo ń yé, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ẹyin náà funfun bí wàrà, tótòtó pupa àti ti àwọ̀ ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ọkọ ń sàba, aya ń sàba. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 13 sí 19, àwọn ọmọ á pa, wọ́n á sì kúrò nínú ìtẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tí tọkọtaya náà bí ṣáájú kì í fi bẹ́ẹ̀ yára kúrò nílé. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa gbé oúnjẹ fún àwọn àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á sì bá òbí lé ọ̀tá. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ẹyẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní etí omi kan, àwọn kan dúdú, àwọn kan ní àwọ̀ ilẹ̀, ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ẹyẹ méjì ni ẹ rí. Agbo ilé kan ni.

Ṣé ó ń fi ara pamọ́ fún wa ni?

Ẹyẹ tó ń ké lóru tí ojú kò tó, a kì í pẹ́ fura sí i. Kowéè ti jìyà ọ̀rọ̀ yẹn tó, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi tún gbé e ka orí ẹyẹ mìíràn. Kò sí àfọ̀ṣẹ kankan nínú igbe Black Crake; ilẹ̀ ló ń jà fún.

Ìsápamọ́ rẹ̀ gan-an kò dúró lójú kan. Ní etí àwọn adágún kan ní Kenya, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jù ú lókò, Black Crake a máa jáde wá sí gbangba, kó máa ṣa oúnjẹ jẹ lójú àwọn àlejò. Nínú mọ̀lẹ́bí rẹ̀, òun wà lára àwọn tí ojú kì í tì jù. Ibi tí kànnàkànnà àti tàkúté bá pọ̀ sí ló ti ń di ẹyẹ àwámárìídìí. Ní tèmi, bí ẹyẹ yìí ṣe ń sá tó ní àbàtà kan ń sọ púpọ̀ nípa àwọn ènìyàn tó yí àbàtà náà ká.

Ẹwù ìpamọ́ rẹ̀ náà sì ń dín kù. Ní Èkó, iyanrìn ti bo ọ̀pọ̀ irà tó jẹ́ ilé wọn tẹ́lẹ̀, ilé ènìyàn ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Nàìjíríà ní ibi 11 lórí ìwé àdéhùn Ramsar tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Lódì kejì bodè, láti ọdún 2000 ni orílẹ̀-èdè Benin ti fi ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sórí ìwé náà. Koríko àjèjì kan, water hyacinth, tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, wọ omi wa ní 1984 láti ìhà Àgbádárìgì, ó sì ti dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n apẹja láti ìgbà náà. Àwọn apẹja ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí i. Black Crake ní tirẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń rìn lórí ojú-oró.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó

Ní Ìbàdàn, etí adágún inú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè kẹ́ ẹ tó wọlé. Ní Èkó, Lekki Conservation Centre ní ọ̀nà pákó tó gba orí irà kọjá, bàtà yín ò ní fẹnu kan ẹrẹ̀. Odò kékeré lẹ́yìn oko àkùrọ̀ náà tó, bí koríko rẹ̀ bá ga.

Ẹ lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, tàbí nígbà tí oòrùn bá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má wọ aṣọ funfun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa tẹjú mọ́ àárín koríko, níbi tí kò ti lè rí nǹkankan. Ẹ wá ibi tí koríko ti já, tí ẹrẹ̀ díẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ láàárín agbo koríko méjì, kẹ́ ẹ jókòó sọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn yín kojú sí àlàfo yẹn, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ sọdá nígbà kan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ ní, ẹ má fi wá ojú rẹ̀. Ìdí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí funfun bá wà níbẹ̀, kì í ṣe òun. Bí kò bá sí, ẹ wo ẹsẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí i rárá, ẹ fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ wà lórí xeno-canto, ìkànnì ohùn ẹyẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ lè fi wé e láìsanwó, ohun tẹ́ ẹ bá sì rí tàbí gbọ́, ẹ lè kọ ọ́ sórí eBird, ìkànnì àkọsílẹ̀ ẹyẹ, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos, àti àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà nílò irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má fi fóònù lu ohùn rẹ̀ sí i létí léraléra kó lè jáde. Lójú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ ló dé. Á fi ẹyin sílẹ̀, á jáde wá jà, ẹyin á tutù tàbí kí ẹlòmíràn kó o lọ.

Bí ẹ bá sì pàdé òròmọ dúdú kékeré kan lẹ́bàá omi, tó ń ké, tí kò sí ìyá nítòsí, ẹ má gbé e lọ sílé pé ẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú òròmọdìẹ. Kò sọnù. Ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti ó kéré tán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lè wà nínú koríko tó kàn yín, tí wọ́n ń retí kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ rìn sẹ́yìn tó mítà mẹ́wàá, ẹ dúró díẹ̀, wọ́n á wá mú un.